Bí Àgbẹ̀ Kékeré Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ De Ẹ̀yáwó àti Ìrànwọ́ Ìjọba

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọdún kan kọjá kí ìjọba àpapọ̀ tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ má kéde ètò kan fún àwọn àgbẹ̀, orúkọ ètò náà sì sábà máa ń yí padà bí ìjọba bá ti yí padà. Àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tó gbọ́ ìkéde lórí rédíò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìwé kiri ni kì í sábà rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, nítorí pé àkókò tí wọ́n fi ń gba orúkọ kì í gùn, bẹ́ẹ̀ àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, àkáǹtì báńkì tí owó ti ń wọlé tó sì ń jáde nínú rẹ̀, ẹ̀rí pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni, àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oko ọdún tó kọjá, kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tò jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, àlàyé tí mo fẹ́ ṣe níbí kò dá lórí ètò kan ṣoṣo tí wọ́n kéde láìpẹ́. Ó dá lórí bí àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí kòkó, tàbí tó ń sin adìyẹ, ní Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì tàbí Èkó, ṣe lè múra sílẹ̀ kí ìkéde tó dé, àti bó ṣe lè lo àwọn ètò tó ti wà nínú òfin láti ọjọ́ pípẹ́, tí ariwo wọn kò pọ̀. Lójú tèmi, àwọn ètò tí kò lariwo wọ̀nyí ló lérè jù fún ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ tọ́jọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìrànwọ́ tí wọ́n fi lọ̀ yín

Ẹ̀bùn wà, ẹ̀dínwó wà, ẹ̀yáwó wà, adójútòfò sì wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀dínwó ajílẹ̀ lọ́dún 2012, lásìkò tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀, òun á sì mú fóònù náà lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tí wọ́n yàn, á ra àpò ajílẹ̀ 2 ní ìdajì owó. Àgbẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò Anchor Borrowers, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní Birnin Kebbi ní ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, ọdún 2015, ẹ̀yáwó ni: wọ́n ń fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn, ó sì gbọ́dọ̀ fi irè oko san án padà nígbà ìkórè, fún ilé-iṣẹ́ tó ti gbà láti ra irè náà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló kà á sí ìpín tiwọn nínú owó ìlú, wọn kò sì san án. Ní ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ń yọwọ́ nínú irú ìdáwọ́lé bẹ́ẹ̀, àmọ́ gbèsè ẹni tó jẹ ẹ́ kò tìtorí ìyẹn parẹ́. Láti ọdún 2020 pàápàá ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó fún báńkì tó yáni lówó láyè láti yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì mìíràn tí onígbèsè ní sí báńkì mìíràn, nítorí pé nọ́ńbà BVN kan náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fi ń dá oníbàárà mọ̀, ló so gbogbo àkáǹtì náà pọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin, kí ẹ sì rí ìdáhùn wọn nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu òṣìṣẹ́ nìkan: ṣé a óò san án padà, ta ni a óò san án fún, èlé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀lóò, ọjọ́ wo sì ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀? Bí ẹni tó mú ètò náà wá kò bá lè dáhùn wọn, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín, tàbí ó ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì yín tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ètò náà rí. Orúkọ ètò ìjọba ni àwọn gbájú-ẹ̀ fi ń bo ara wọn ní àwọn abúlé wa, àwọn àgbà tí kò lè kàwé ni wọ́n sì ń lù ní jìbìtì jù.

Onídùúró tí òfin ti fún yín

Ètò tó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ ọ́n, ni Àpò Onídùúró fún Ẹ̀yáwó Àgbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní ACGSF. Òfin 20 ti ọdún 1977 ló dá a sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1978, Báńkì Àpapọ̀ ló sì ń bójú tó o títí di òní. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní ọdún 2019 gbé owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ gòkè sí ₦50 bílíọ̀nù. Ìdí tó fi wà ni pé ẹ̀rù iṣẹ́ àgbẹ̀ ń ba báńkì: òjò lè dá, kòkòrò lè jẹ oko, ọjà sì lè já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ ìkórè gan-an, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò sì ní ilé nígboro tí wọ́n lè fi ṣe ìdógò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọwọ́ báńkì ni àgbẹ̀ ti ń yá owó, kì í ṣe ọwọ́ ìjọba. Báńkì tó fẹ́ yá a lówó á kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀ pé kí àpò náà dúró fún ẹ̀yáwó yìí. Bí àgbẹ̀ bá kùnà láti san, tí báńkì sì ti ta ohun ìdógò tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò náà yóò san ìdá 75 nínú 100 ohun tó ṣẹ́ kù. Ká ní ₦400,000 ló ṣẹ́ kù, ₦300,000 ni yóò san. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú: báńkì ni wọ́n ń san owó náà fún. Onídùúró kò pa gbèsè rẹ́. Àgbẹ̀ ṣì jẹ owó náà, wọn yóò sì máa bi í. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀ ni pé báńkì tí ì bá lé e jáde yóò jókòó tì í, yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ báńkì tàbí báńkì kékeré tó wà ládùúgbò yín, ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ yá owó. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀yáwó yín sábẹ́ ACGSF, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀ka náà ń ṣe é. Gbogbo ẹ̀ka báńkì kọ́ ló ń ṣe é, ó sì sàn kí ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju kí ẹ ti gba fọ́ọ̀mù tán lọ.

Ohun kejì tó wà lábẹ́ ètò yìí ni èlé tí wọ́n ń dá padà. Àgbẹ̀ tó bá san ẹ̀yáwó rẹ̀ tán ní ọjọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan sí ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 40 nínú 100 èlé tó san. Bí ẹ bá yá ₦500,000 tí èlé rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ ₦100,000, tí ẹ sì san án láìkọjá ọjọ́ àdéhùn, ₦40,000 jẹ́ tiyín. Owó yìí kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Báńkì ló ń béèrè fún un ní orúkọ àgbẹ̀, báńkì tí a kò bá sì rán létí lè gbàgbé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó ìkẹyìn, ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí ọ̀gá ẹ̀ka náà pé kí wọ́n béèrè ìdápadà èlé yín, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì padà lọ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Àwọn tí kò ní ìdógò rárá lè gba ọ̀nà ẹgbẹ́ kékeré. Láti ọdún 1991 ni ètò kan ti wà tí àgbẹ̀ 5 sí 15 fi lè para pọ̀, kí wọ́n máa fi owó pamọ́ sí báńkì kan náà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí báńkì náà sì yá wọn ní ìlọ́po ohun tí wọ́n ti fi pamọ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, èsúsú tí àwọn ìyá wa ti ń dá láti ìgbà pípẹ́ ni. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé inú báńkì ni owó náà wà, ó sì ń di ẹ̀rí.

Yàtọ̀ sí àwọn báńkì wọ̀nyí, Báńkì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, Kàdúná ni olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀ wa. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 tún dá Àpò Ìdàgbàsókè Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, òun náà sì tọ́ kí ẹ máa fetí sí ìkéde rẹ̀.

Adójútòfò

Lọ́dún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tí òfin ọdún 1993 sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí NAIC. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí adójútòfò mìíràn ni pé ìjọba ń san ìdajì owó rẹ̀ fún irúgbìn àti ẹran ọ̀sìn tó wà lábẹ́ ètò ìrànwọ́ náà. Nínú ₦100 tó yẹ kí àgbẹ̀ san, ₦50 ni yóò mú jáde. Ìjọba àpapọ̀ yóò san ₦37.50, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò sì san ₦12.50. Iná, ìjì, ọ̀gbàrá, ọ̀dá, kòkòrò àti àrùn wà lára àwọn ewu tí ó ń bò. Kò bo ọjà tó já wálẹ̀. Bí gààrí bá pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì wó, ìyẹn kì í ṣe òfò tí adójútòfò ń san.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé owó tí ẹ ná sórí oko títí di ọjọ́ tí òfò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èrè tí ẹ rò pé ẹ óò jẹ. Ìdí nìyí tí rìsíìtì fi ṣe pàtàkì: rìsíìtì ajílẹ̀, ti oògùn, ti irúgbìn, àti ìwé tí àwọn alágbàṣe tẹ̀ka sí nígbà tí wọ́n gbowó iṣẹ́. Bí òfò bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi tó wọn létí lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán, kí ẹ má sì sin adìyẹ tó kú tàbí kí ẹ tú oko tó jóná kí aṣojú wọn tó dé, àyàfi bí dókítà ẹran bá sọ pé àrùn tó pa wọ́n lè ràn. Nígbà náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó sin ohunkóhun. Àwọn tí kì í rí owó gbà lẹ́yìn òfò, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé-iṣẹ́ fi ń yàn wọ́n jẹ. Àìsí ẹ̀rí ló ń ká wọn lọ́wọ́ kò.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo tí mo lè rọ àgbẹ̀ kékeré láti ṣe lọ́dún yìí, òun ni kó wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dúró dáadáa. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ló sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ṣe nǹkan gidi, nígbà tí wọ́n ń kó kòkó wọn jọ tà papọ̀ kí àwọn aláròóbọ̀ má baà máa rẹ́ wọn jẹ. Ìdí tí ìjọba fi fẹ́ràn ẹgbẹ́ ni pé ó rọrùn fún wọn láti bá akọ̀wé kan sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n máa wá àgbẹ̀ ogójì kiri inú igbó lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń ṣe onídùúró fún ara wọn.

Ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán ni òfin béèrè kí ẹgbẹ́ ìpìlẹ̀ tó lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ẹ óò lọ bá, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà yóò bá yín ṣe ìpàdé, yóò kọ́ akọ̀wé àti akápò yín bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó, yóò sì fẹ́ rí i pé ẹ ti ń dá owó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ má ṣe kó orúkọ àwọn ẹbí àti àwọn tí kò lóko jọ kí iye yín lè pé. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí owó tí ń bọ̀ máa ń tú ká ní ọjọ́ tí owó náà bá dé, àwọn tó bá sì jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn ni gbèsè máa ń dì lé lórí. Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó wọ ẹgbẹ́ tó ti wà ni ìwé ìpàdé rẹ̀, ìwé owó tí àwọn ayẹ̀wéwò ti yẹ̀ wò, àti iye àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó tí wọn kò san. Ẹgbẹ́ tí kò bá jẹ́ kí ẹ rí ìwọ̀nyí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní orúkọ tiwọn. Ìyàwó tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tó sì ń yan gààrí, àgbẹ̀ ni; bí orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan bá wà nínú ìwé, kò ní sí àkọsílẹ̀ kankan tó lè fi yá owó lọ́jọ́ tí òun nìkan bá kù.

Àwọn ìwé tó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, ìyẹn NIN, àti nọ́ńbà BVN ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè, nọ́ńbà 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ibi tí ìṣòro ti ń wá ni orúkọ. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Shola níbì kan, tí wọ́n kọ ọ́ ní Adesola níbòmíràn, tàbí tí wọ́n fi orúkọ bàbá síwájú nínú ọ̀kan tí wọ́n sì fi sẹ́yìn nínú èkejì, ẹ̀rọ lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ tẹ́ ìwé méjèèjì àti ìwé báńkì yín sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn, lẹ́tà kan sí èkejì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ lọ tún un ṣe nísinsìnyí tí ìtìjú àti ìkánjú kò sí níbẹ̀. Ẹ tún rí i pé fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé wọ̀nyí ṣì wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ tó ti lọ sí Èkó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló le jù. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ oko tí kò sí nígboro, tí kò bá ju hẹ́kítà 500 lọ, láìjẹ́ pé ó gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ìwé yìí ló yẹ kí àgbẹ̀ máa wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló ń béèrè fún un. Bí ọwọ́ kò bá tíì tó o, ẹ ṣe ohun tó ṣeé ṣe: bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti ó kéré tán ẹnì kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé tó sọ ibi tí oko yín dé, bí ó bá jẹ́ pé ẹ yá a, tí ẹ sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí onílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tó sọ iye ọdún, kí baálẹ̀ sì ṣe ẹlẹ́rìí. Àdéhùn ọdún kan kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ yá owó ọdún mẹ́ta. Fún kòkó, tí kì í so kó tó pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àdéhùn ẹnu lásán léwu gan-an, nítorí pé ìgbà tí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í so ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà ìgbìn máa ń dé.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó lè fi ṣe ìdógò kò tíì pàdánù. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017 fàyè gba kí ènìyàn fi ohun tó ṣeé gbé, bí ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́, ọ̀kadà, màlúù tàbí irè oko, ṣe ìdógò, tí báńkì yóò sì fi orúkọ nǹkan náà sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìdógò tí Báńkì Àpapọ̀ ń tọ́jú. Ẹ mú rìsíìtì ẹ̀rọ náà dání, kí ẹ sì béèrè bóyá báńkì yín ń gba irú rẹ̀.

Ẹ ka oko yín, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀

Nínú ìwé tí àgbẹ̀ ń kọ sí báńkì, ìṣirò ló ń fi hàn bóyá ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ hẹ́kítà márùn-ún nígbà tí oko rẹ̀ kò ju méjì lọ yóò gba owó tí ilẹ̀ rẹ̀ kò lè san padà. Hẹ́kítà kan jẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 100 tó sì gùn ní mítà 100, ó sì fi díẹ̀ dín ní éékà méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan síra, ìdí ẹ̀gẹ́ 10,000 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan; igi tí ẹ óò rà yóò tó ìdì 60, bí ìdì kọ̀ọ̀kan bá ní igi 50 tó gùn tó mítà kan, tí ẹ óò gé sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó gbìn ín. Irúgbìn àgbàdo fún hẹ́kítà kan jẹ́ nǹkan bí kílò 20. Láti orí irú iye báyìí ni ìṣirò owó ti ń bẹ̀rẹ̀: owó ìpalẹ̀mọ́, owó katakata, owó igi, owó ìgbìn, ìroko ẹ̀ẹ̀mẹta, ajílẹ̀, ìkórè, owó ọkọ̀ dé ọjà. Ẹ kọ iye tí nǹkan jẹ́ lọ́jà yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má lo iye èṣí, ẹ má sì ṣe àfikún irọ́.

Ẹ tún ra ìwé aláwọ̀ líle kan tí ẹ óò máa kọ ohun tí ẹ ná àti ohun tí ẹ tà sínú rẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé lè jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé máa bá a kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí owó tí ẹ bá tà irè oko wọ àkáǹtì kí ẹ tó ná an, bó ti wù kó kéré tó, nítorí pé oṣù mẹ́fà tí owó fi wọlé díẹ̀díẹ̀ ń sọ fún báńkì ohun tí ìlérí ẹnu kò lè sọ. Òṣìṣẹ́ ADP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀, tó ń tọ́ àwọn àgbẹ̀ sọ́nà ní agbègbè yín lè bá yín wo ìṣirò náà, ó sì lè bá yín wọn oko. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ yín; nígbà tí ìjọba bá ní kí wọ́n mú orúkọ àgbẹ̀ wá, òun ni wọ́n sábà máa ń bi, àwọn àgbẹ̀ tó ti débi oko wọn rí ni yóò sì kọ́kọ́ rántí.

Àkókò

Òjò àkọ́rọ̀ ní agbègbè wa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Báńkì sì ń gba oṣù díẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó. Ẹni tó bá kọ̀wé ní oṣù kẹta yóò rí owó nígbà tí àkókò àgbàdo ti kọjá. Oṣù kọkànlá ni kí ẹ ti kó ìwé lọ, tàbí oṣù karùn-ún bí ó bá jẹ́ ti ìgbìn ẹ̀ẹ̀kejì tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá oṣù kẹjọ. Bí owó bá pẹ́ kọjá àkókò ìgbìn, mo dá a lábàá pé kí ẹ kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n dá a dúró di ìgbìn tó kàn, dípò kí ẹ gbà á kó wà nílé kí èlé sì máa gorí ara wọn. Ìpinnu tó nira ni, pàápàá fún ẹni tó ti ń retí owó náà tipẹ́, ṣùgbọ́n owó tó dé lẹ́yìn òjò ló ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ di onígbèsè.

Ọjọ́ ìsanpadà náà gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ ń ṣe mu. Adìyẹ ẹlẹ́ran lè di títà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tó ń yé ẹyin kò ní bẹ̀rẹ̀ kó tó tó ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ẹ̀gẹ́ ń gba nǹkan bí ọdún kan. Bí báńkì bá ní kí ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san lóṣooṣù láti oṣù kejì, inú kí ni yóò ti mú un? Ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé lẹ́yìn ìkórè ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn tó ní ẹbu

Àwọn ìyá tó ní ẹbu gààrí tàbí ẹbu epo, àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀lùbọ́, wà lábẹ́ ìlànà tó yàtọ̀ díẹ̀. Báńkì máa ń fẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ wọn wà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ń di gààrí sínú ọ̀rá tó ní orúkọ tiwọn, àṣẹ NAFDAC di dandan. Báńkì Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ, ìyẹn BOI, ló ń bójú tó ẹ̀yáwó ẹ̀rọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́ tún wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún àgbègbè àkànṣe tí wọn yóò ti máa sọ irè oko di ọjà títà, tí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ń kówó lé lórí. Àwọn tí ẹbu wọn wà nítòsí irú ibẹ̀ ní láti tètè mọ iye ẹ̀gẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá yóò máa rà ní agbègbè wọn, torí pé ó lè gbé owó ẹ̀gẹ́ lọ sókè.

Lẹ́yìn tí owó bá dé

Oko ni kí owó oko lọ. Owó ilé-ìwé, òkú àgbà, ìyàwó tuntun, gbogbo rẹ̀ ni yóò wá bá yín lọ́sẹ̀ tí owó bá wọlé, àwọn ìbátan tí wọ́n mú un wá kò sì ní wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí báńkì bá dé. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ bẹ báńkì kí wọ́n san owó ajílẹ̀ àti irúgbìn tààrà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ ra irúgbìn tó ní àmì àjọ tó ń rí sí irúgbìn, kí ẹ sì tọ́jú àpò rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, nítorí pé irúgbìn tí kò hù kò ṣeé jà fún láìsí àpò tó ti inú rẹ̀ jáde.

Bí nǹkan bá ń yí sódì, bí òjò bá dá tàbí kòkòrò bá wọ oko, ẹ lọ sọ fún báńkì kí ọjọ́ ìsanpadà tó pé. Báńkì ní ọ̀nà tó lè gbà sún ọjọ́ síwájú fún ẹni tó wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé, tí òṣìṣẹ́ ADP sì jẹ́rìí pé òótọ́ ni. Ẹni tó pa fóònù rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé àwọn tó kùnà, orúkọ náà ni báńkì mìíràn yóò sì rí nígbà tó bá tún fẹ́ yá owó.

Nígbà tí ẹ bá san owó ìkẹyìn, ẹ má kúrò ní báńkì láìgba lẹ́tà tó sọ pé ẹ ti san tán. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tàbí ẹran ọ̀sìn ṣe ìdógò, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìdógò, nítorí pé bí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, báńkì mìíràn kò ní gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé ilẹ̀ ni ẹ fi sílẹ̀, ẹ gbà á padà, kí ẹ ka ojú ewé rẹ̀ níwájú wọn, kí ẹ sì fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ní ẹ̀dà lẹ́tà ìsantán náà kó fi sínú fáìlì.